Ìdílé Wa Lójú Òkun Àríwá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba kì í yéé bi wá, pàápàá nígbà tí àkókò ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n a ní: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìdílé tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti àgbàlagbà nínú kó owó tí wọ́n fi òógùn ojú wọn rí fún ọlọ́kọ̀ ojú omi, kí wọ́n sì máa wo ilẹ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù kiri fún ọjọ́ mẹ́wàá? Ṣé fàájì lásán kọ́ nìyẹn? Ṣé kò léwu fún ọmọdé? Ṣé àgbà lè fara dà á? Nítorí pé a ti rin ìrìn náà pẹ̀lú agbo ilé wa, a rò pé ó yẹ kí a sọ ohun tí ojú wa rí, kí olúkúlùkù lè gbé e yẹ̀wò kí ó tó tú àpò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó MÚ WA LỌ

Ẹni mẹ́fà ni wá: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá tí ó bí bàbá, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹni ọdún 74 ni Ìyá Àgbà. Ó ti Abẹ́òkúta wá bẹ̀ wá wò ní oṣù karùn-ún, yóò sì padà sílé nígbà tí òtútù bá ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí àwọn ọmọ sí. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 13. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9. Àbíkẹ́yìn jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 6. Etí wọn gbọ́ Yorùbá díẹ̀, àkọ́bí a sì máa fi dáhùn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ahọ́n àwọn méjì tí ó kù kò yí sí i rárá. Ìyá Àgbà náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń nájà, ṣùgbọ́n kò lè fi í pìtàn fún ọmọ. Ní òwúrọ̀, gbogbo wa a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Ní alẹ́, olúkúlùkù a ti rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà wí fún wa pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ni mo wá wò, ṣùgbọ́n ògiri ni mò ń wò.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára púpọ̀. A mọ̀ pé bí Ìyá Àgbà bá padà sílé láìjẹ́ pé òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ ara wọn, ó lè jẹ́ pé àyè mìíràn kì yóò sí mọ́. Nítorí náà ni a fi wá ibi kan tí kò sí iṣẹ́, tí kò sí ilé-ìwé, tí ẹnì kankan kò sì lè jáde fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkàn wa lọ bá.

A kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ pé àríyànjiyàn wà. Àbúrò wa ọkùnrin tí ó wà nílé kọ̀wé sí wa pé owó tí a fẹ́ ná yìí tó láti kan òrùlé tuntun sí ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a sì gbé e yẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìkẹyìn a dá a lóhùn pé òrùlé lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí méjì sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Ìyá Àgbà kò ní dúró dè wá. Kò fèsì kíákíá. Nígbà tí ó fèsì, ó ní, “Ẹ̀yin bùrọ̀dá mi, bí ó bá jẹ́ nítorí Ìyá ni, ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé òrùlé.”

ÌWÉ ÌRÌNNÀ ÀTI FÍSÀ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kọsẹ̀, nítorí náà a ó là á dáradára. Àwa márùn-ún tí a ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú sí àwọn ilẹ̀ tí a ń lọ. Ti Ìyá Àgbà yàtọ̀, nítorí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Físà tí a fi wọ Ìlú Ọba kò lè mú ènìyàn wọ Nọ́wè tàbí Dẹ́nmáàkì. Àwọn ilẹ̀ méjèèjì yìí wà nínú àdéhùn tí a ń pè ní Schengen. Nọ́wè kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú àdéhùn Schengen láti 2001. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn láàárín àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ béèrè físà lọ́wọ́ ilẹ̀ tí yóò ti pẹ́ jù. Bí ọjọ́ bá sì dọ́gba, lọ́wọ́ ilẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ wọ̀. Tiwa jẹ́ Nọ́wè.

Òfin náà ni pé ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ń gbé ni kí ó ti béèrè. Nítorí pé àlejò ni Ìyá Àgbà ní Ìlú Ọba, ilé ni a ti jẹ́ kí ó béèrè kí ó tó gbéra. A lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kò sì gbọdọ̀ kù ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Láti oṣù kẹfà 2024, 90 yúrò ni àgbà ń san. Ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìlá ń san 45. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í san nǹkan kan. A ó tẹ ìka. A ó sì fi ìwé adójútòfò hàn tí ó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Kí ẹ má sì gbàgbé láti wò ó bóyá físà Ìlú Ọba tí àgbà náà ní yóò ṣì ní agbára nígbà tí ọkọ̀ bá padà sí Southampton, nítorí ọjọ́ tí a jáde yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a ó padà wọlé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí a fi ń retí físà náà, a kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ìrìn náà lè má ṣeé ṣe. Nígbà tí ó dé, ìyàwó ilé wa ni ó kọ́kọ́ sunkún ayọ̀.

INÚ ỌKỌ̀

Ní ìparí oṣù keje, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti parí, a wọ ọkọ̀ ní Southampton, èbúté tí ọkọ̀ Titanic ti gbéra ní 1912. Àkọ́bí wa rántí èyí, ẹ̀rù sì ba àbúrò rẹ̀ obìnrin. A jókòó, a sì ṣàlàyé fún un pé jàǹbá náà gan-an ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí London, tí wọ́n fi ṣe àdéhùn ní 1914 nípa ààbò ẹ̀mí lójú òkun. Nígbà tí ọkọ̀ Costa Concordia sì forí sọ àpáta ní etí òkun Ítálì ní oṣù kìíní 2012, tí ènìyàn 32 kú, a tún mú òfin náà le sí i: kí ọkọ̀ tó ṣí, tàbí bí ó bá ti ń ṣí, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọn yóò péjọ sí bí fèrè ewu bá dún, àti bí a ti ń wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó. Àwọn òṣìṣẹ́ so àmì kan mọ́ ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa, tí a kọ nọ́ńbà ibi ìpéjọ wa sí. Ìyá Àgbà mú ẹ̀wù tirẹ̀ yẹ̀wò, ó ní, “Ó dára kí ènìyàn mọ ẹnu ọ̀nà kí iná tó sọ.”

Yàrá méjì ni a gbà, tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. A yan àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni a fún ara wa, èyí tí ó ní fèrèsé ni a fún Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Oúnjẹ inú ilé oúnjẹ ńlá wà nínú owó tí a san. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn àjò orí ilẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, àti dókítà, gbogbo ìwọ̀nyí ni a ń san lọ́tọ̀. Lójoojúmọ́ ni a tún ń yọ owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn tí ó jẹ́ ará Philippines àti Íńdíà. Ìyá Àgbà kò lè jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó lójoojúmọ́. Alásè kan, ará Íńdíà, gbọ́ pé ó ń béèrè ata, ó sì ń gbé ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ alátà wá fún un ní alaalẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ń pè é ní “Mama”, òun náà sì ń gbàdúrà fún un ní èdè Yorùbá.

Ohun kan wà tí a ó fi taratara kìlọ̀ fún yín. Nínú ọkọ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń jẹun pọ̀, àrùn èébì òun ìgbẹ́ gbuuru tí í jẹ́ norovirus a máa tètè ràn. Omi àti ọṣẹ ni a fi í ṣẹ́gun rẹ̀. Oògùn ọtí tí a ń fi pa ọwọ́ kò ràn án tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń fọ ọwọ́ tó ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, Ìyá Àgbà sì ni ọlọ́pàá wọn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ orí omi nìkan. Òkun ru díẹ̀. Ọmọkùnrin wa bì, a fún un ní àtalẹ̀ àti oògùn, ó sì sùn. Ní alẹ́, bí ó ti jẹ́ pé ojúmọ́ kò tètè lọ ní ilẹ̀ àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ kọ̀, wọn kò sùn. Ìyá Àgbà jókòó sí etí fèrèsé, ó ní, “Ààlọ́ o!” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó tún wí i. Ìyàwó ilé wa sọ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ sọ pé, Ààlọ̀!” Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀.

BERGEN ÀTI ỌJÀ PÀNLÁ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta a gúnlẹ̀ ní Bergen ní Nọ́wè. Ìlú náà wà láàárín òkè méje, òjò rẹ̀ sì ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún. Kí ẹ̀wù òjò wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ń lọ. Ní etí èbúté ni àwọn ilé pákó tí a kùn ní pupa àti àwọ̀ iyeyè wà, tí a ń pè ní Bryggen. Ní nǹkan bí 1360 ni àwọn oníṣòwò Jámánì tí í ṣe ẹgbẹ́ Hansa dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Iná jó o gidigidi ní 1702, wọ́n sì tún un kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù iná bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi jẹ́ kí a dá iná nínú àwọn ilé náà, àní nígbà òtútù. Ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n sì ti ń yáná. Ọmọdékùnrin ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọṣẹ́ tí ó ń sùn nínú òtútù náà. Ní 1979 ni UNESCO fi Bryggen sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn Jámánì náà ń rà? Ẹja gbígbẹ ni. Ní àwọn erékùṣù Lofoten tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ náà, wọ́n ń kó ẹja cod jáde nínú òkun, wọ́n a so wọ́n ní méjì-méjì sórí igi láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Òtútù kì í jẹ́ kí eṣinṣin àti ìdin bà á jẹ́, atẹ́gùn òkun sì ń fa omi ara rẹ̀ jáde títí yóò fi le bí igi.

Ìyá Àgbà ta oúnjẹ ní ọjà Láfẹ́nwá fún ọgbọ̀n ọdún. Bí a ti wọ ilé ìtajà ẹja kan, ó dúró, ó fa imú, ó ní, “Pànlá!” Gbogbo ọdún tí ó fi tà á, kò mọ ìlú tí ó ti ń wá. A sọ fún un pé ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ń ra pànlá Nọ́wè jù, àti orí rẹ̀ pẹ̀lú. Àti pé nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìrànwọ́ fún àwọn tí ebi ń pa ní apá ìlà-oòrùn. Ó mú ọ̀kan, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú àwọn ọmọ: èyí gbẹ dé inú, èyí kò tíì gbẹ, yóò bu. Olùtajà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nọ́wè, bi wá pé kí ni ìyá náà ń wí. Àkọ́bí wa ni ó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí àwọn ọmọ fi ń wo Ìyá Àgbà ti yí padà, nítorí wọ́n rí i pé ohun tí ó mọ̀ kì í ṣe ohun kékeré, àní ní ilẹ̀ àjèjì.

LÁÀÁRÍN ÀWỌN ÒKÈ

Ní ọjọ́ kejì a wọ Geirangerfjord. Fjord ni àwọn ará Nọ́wè ń pe apá òkun tóóró tí ó gba àárín òkè wọ inú ilẹ̀ lọ. Láyé ọjọ́un, yìnyín ńláńlá bo gbogbo ilẹ̀ náà. Bí ó ti ń wọ́ lọ sí òkun díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó gbẹ́ àpáta bí ẹni ń fi ọkọ́ gbẹ́ kòtò. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi òkun wọ inú kòtò náà. Ìdí nìyí tí Sognefjord, èyí tí ó gùn jù ní Nọ́wè, fi jìn tó 1,300 mítà, nígbà tí Òkun Àríwá tí a là kọjá kò jìn ju nǹkan bí 90 mítà lọ bí a bá pín in dọ́gba.

Geirangerfjord gùn tó kìlómítà 15. Òkè ga ní ọ̀tún, òkè ga ní òsì, omi sì ń já láti orí wọn. Àwọn ìṣàn omi méje kan wà tí wọ́n ń pè ní Arábìnrin Méje. Ní òdìkejì wọn ni ọ̀kan ṣoṣo wà tí í jẹ́ Afẹ́sọ́nà, ẹni tí ìtàn sọ pé ó fẹ́ gbogbo wọn tí kò rí ọ̀kan mú. Lórí àpáta ni àwọn oko àtijọ́ wà, bí Skageflå, tí ó ga tó 250 mítà sókè omi. Àwọn afinimọ̀nà a máa sọ pé ìyá a máa fi okùn so ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kí ó má bàa jábọ́. Nígbà tí a túmọ̀ èyí fún Ìyá Àgbà, ó wo òkè náà pẹ́, ó ní, “Kò sí ibi tí ìyá kì í ti í jìyà ọmọ.”

Ẹwà náà kò ṣàì ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1934, àpáta ńlá kan ya lulẹ̀ sínú omi ní Tafjord tí kò jìnnà síbẹ̀, ìgbì dìde, ènìyàn 40 sì kú. Òkè mìíràn, Åkerneset, ní ìlà lára tí ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún; tọ̀sán-tòru ni àwọn onímọ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn ará abúlé. Èéfín ọkọ̀ pẹ̀lú ń ba ibẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni ìjọba Nọ́wè ṣe pàṣẹ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ọkọ̀ èrò tí kò tó 10,000 ní ìwọ̀n tọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ tú èéfín tí ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ nínú àwọn fjord tí UNESCO kà sí ohun ìní gbogbo ayé. A fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá ní àyè títí di 2032. Ó yẹ kí àwa tí a ń lọ wo ibẹ̀ mọ èyí pẹ̀lú, nítorí àlejò tí ó mọ ìwà kì í ba ilé onílé jẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan lójú omi, a dé Oslo, olú ìlú Nọ́wè. Ọmọkùnrin wa wọ inú ọkọ̀ Fram, èyí tí Nansen jẹ́ kí yìnyín àríwá dì mọ́ láti 1893 sí 1896, tí Amundsen sì gbé lọ sí ìhà gúúsù ayé, níbi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dé òpin gúúsù ní oṣù kejìlá 1911. Àkọ́bí wa yàn láti lọ sí ilé ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel, nítorí ní Oslo ni a ti ń fún ni ní ẹ̀bùn náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá. Ó ka orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà sókè fún ìyá rẹ̀ àgbà: Albert Luthuli tí a fún ní ti 1960, Desmond Tutu ní 1984, Nelson Mandela ní 1993, Wangari Maathai ní 2004, Ellen Johnson Sirleaf àti Leymah Gbowee ní 2011.

ILÉ ÌKẸ́RÙSÍ NÍ COPENHAGEN

Copenhagen ni olú ìlú Dẹ́nmáàkì. Àwọn ọmọ sáré lọ wo ère Ọmọbìnrin Inú Omi, èyí tí a gbé kalẹ̀ ní 1913 nítorí ìtàn tí Hans Christian Andersen kọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé ère tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán a jẹ́ kí wọ́n ṣeré ní Tivoli, ọgbà ìgbádùn tí ó ti wà láti 1843.

Ṣùgbọ́n láàárín ààfin ọba àti ère náà, ní etí omi, ilé gíga kan wà tí a fi bíríkì kọ́ ní nǹkan bí 1780. Ilé Ìkẹ́rùsí Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíà ni wọ́n ń pè é. Ṣúgà àti ọtí ọ̀mu tí ó ti St. Croix, St. Thomas àti St. John wá ni a ń kó sínú rẹ̀, àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà ni ó sì gbin ìrèké náà. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì ní odi ní Osu ní Accra, Christiansborg ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ wọn sì kó ènìyàn tó 100,000 kọjá òkun. Ní 1792 ni ọba wọn ṣòfin pé kí òwò náà dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ 1803, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní erékùṣù kò rí òmìnira títí di ọjọ́ kẹta oṣù keje 1848. Nígbà tí ìyà àwọn òṣìṣẹ́ oko kò dẹ̀, Mary Thomas àti àwọn obìnrin mìíràn ṣáájú ọ̀tẹ̀ kan ní St. Croix ní 1878. Copenhagen ni a mú wọn wá láti ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1917 ni Dẹ́nmáàkì ta àwọn erékùṣù náà fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ní 2018, àwọn oníṣẹ́ ọnà obìnrin méjì, Jeannette Ehlers àti La Vaughn Belle, gbé ère ńlá Mary Thomas kalẹ̀ níwájú ilé ìkẹ́rùsí náà.

A rò pé a ó kàn kọjá ni. Ìyá Àgbà ní kí a dúró. Ó jókòó sórí àga etí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tí àwa pàápàá kò gbọ́ pé rí. Bàbá tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀, bí ó ti gbọ́ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, jẹ́ ọmọdé nígbà tí ogun kó o nílẹ̀ Ẹ̀gbá. A tà á, a gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti dàgbà, tí ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, ó bá wọn wọ ọkọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ti dàgbà.

Yorùbá ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Àkọ́bí wa ń túmọ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣòro fún un, ìyá rẹ̀ a ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó parí, ọmọkùnrin wa, ẹni tí kò tíì fi odindi gbólóhùn Yorùbá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí, gbé ojú sókè, ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀rù bà á?”

Ìyá Àgbà fà á mọ́ra. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀. Ìyẹn ni ó fi mọ ọ̀nà ilé.”

OHUN TÍ A FẸ́ SỌ FÚN YÍN

Ọjọ́ méjì ni a fi la òkun padà sí Southampton. Ní ọjọ́ méjèèjì yìí, àkọ́bí wa ra ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, ó sì ń kọ orúkọ àwọn bàbá ńlá àti oríkì ilé sínú rẹ̀ bí Ìyá Àgbà ti ń pè é. A kò ní sọ pé àwọn ọmọ ti di ọ̀jáfáfá. Yorùbá wọn ṣì ń kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í sá fún un mọ́. Bí a bá sì pe Abẹ́òkúta lórí fóònù nísinsìnyí, àwọn ni ó ń jà pé àwọn ni kí a kọ́kọ́ gbé e fún.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ìmọ̀ràn wa nìwọ̀nyí. Èkíní, ẹ ṣètò ìwé àgbà kí ẹ tó san owó tí a kò lè gbà padà. Èkejì, ẹ ra adójútòfò tí ó kan ìrìn ojú omi ní pàtàkì, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn àgbà náà, ìbáà ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, nítorí bí a bá fi í pamọ́, a lè kọ̀ láti san owó náà. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí oògùn àgbà wà nínú àpò ọwọ́, kí ó sì ju iye ọjọ́ ìrìn lọ. Ẹ̀kẹrin, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣètò. Ẹ̀karùn-ún, ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ̀kẹfà, ẹ kó aṣọ òtútù dání, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Èkeje, bí orúnkún bá ń dun àgbà, ẹ béèrè àga onítáyà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì wádìí èbúté tí a ti ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò dé ilẹ̀, nítorí gígun ún kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn.

Fún ẹni tí kò ní agbára rẹ̀, a kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, kí ó má sì ṣe yá owó nítorí rẹ̀. Kì í ṣe òkè Nọ́wè ni ó sọ àwọn ọmọ wa di ọ̀rẹ́ ìyá wọn àgbà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a fi jókòó pọ̀, tí a kò sáré, tí a sì fi etí sílẹ̀ fún àgbà láti pa ìtàn rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá lè fi ọjọ́ mẹ́ta péré ṣe bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, tí ó pa tẹlifíṣọ̀n tí ó sì kó fóònù sínú àpótí, òun náà ti rin ìrìn àjò. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní ti òrùlé ilé bàbá wa, ẹ bá wa dúpẹ́: a ti ra páànù rẹ̀, àbúrò wa sì ti rí káfíńtà. Ìyá Àgbà ni yóò dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi kàn án tán.